Ìròyìn Kíláàsì Kì Í Ṣe Ìwé Ìpẹ̀jọ́

Bí ọmọ bá ti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé lọ́sàn-án, tó ní, "Màmi, àǹtí wa ní kí ẹ wá rí àwọn lọ́la," ohun méjì ló kọ́kọ́ máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ òbí lọ́kàn: yálà ọmọ ti bá ẹnìkan jà, tàbí owó kan ni wọ́n tún fẹ́ gbà. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan ni olùkọ́ àti ará ilé máa ń rí ara wọn bá sọ̀rọ̀, ìyẹn ló sọ gbogbo ìkésíni di ẹjọ́ lójú òbí.

Iṣẹ́ tí ìròyìn kíláàsì wà fún yàtọ̀ sí èyí. Ó wà kí àwọn ará ilé lè mọ ohun tí ọmọ ń bá yí nígbà tí àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó jẹ́, ibi tó ti ṣẹ̀, bó ṣe ń rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin, àti bí a ṣe ń kà á kí a má ṣì í kà.

Kí ni ìròyìn kíláàsì?

Ìròyìn kíláàsì ni gbogbo ohun tí olùkọ́ ń jẹ́ kí ilé mọ̀ nípa ọmọ láti ìgbà tó bá ti wọ kíláàsì láàárọ̀ títí agogo ìparí yóò fi lù. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí.

Èkíní ni ohun tí wọ́n ń kọ́: ibi tí wọ́n dé nínú ìṣirò, ìwé tí wọ́n ń kà, ohun tó kàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èkejì ni bí ọmọ ṣe ń ṣe sí ohun tí wọ́n ń kọ́: èyí tó ti mọ̀, èyí tó ń ta á lẹ́nu, èyí tí kò tilẹ̀ tíì yé e rárá. Ẹ̀kẹta ni ìgbé ayé rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́: ẹni tó ń bá ṣeré, bóyá ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, bóyá ó máa ń tòògbé, bóyá ó ń rí ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó.

Ẹ̀kẹta yìí la máa ń fojú fò jù, bẹ́ẹ̀ òun ló sábà máa ń ṣàlàyé èkejì. Ọmọ tí máàkì rẹ̀ ṣàdédé já wálẹ̀ lè má ya ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò ríran dé pátákó mọ́, tàbí pé ọmọ kan ń halẹ̀ mọ́ ọn nígbà ìsinmi. Máàkì kò ní sọ ìyẹn fún òbí. Olùkọ́ tó ń wo ọmọ lójoojúmọ́ ló lè sọ ọ́.

A sì gbọ́dọ̀ béèrè pé ta ni ìròyìn náà ń lọ bá. Àwọn àgbà ní ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ìyá àgbà ló ń mú ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀gbọ́n ìyá ló ń jókòó tì í nígbà iṣẹ́ àṣetiléwá, bàbá wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń fi owó ránṣẹ́. Bí olùkọ́ bá kọ nọ́ńbà fóònù ẹnìkan ṣoṣo sílẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹni yẹn kọ́ ló ń bá ọmọ gbé, ìròyìn yóò máa dé ibi tí kò ti níṣẹ́. Ìdí nìyí tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ fi máa ń béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé, "Ta ló ń bá ọmọ yìí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá nílé?"

Ibi tí àṣà yìí ti ṣẹ̀

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ oníṣòwò ló di ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó sí kíláàsì nínú ẹbí wọn. Ìṣòro kan bá a rìn. Ìwé tí olùkọ́ bá kọ sílé, ọmọ tí wọ́n kọ ọ́ nípa rẹ̀ náà ni yóò kà á sétí òbí rẹ̀. Bó bá fo ibì kan, ta ni yóò mọ̀? Kò yani lẹ́nu pé ìbéèrè tó wá gbilẹ̀ nílé ni, "Ipò kelòó lo mú?" Nọ́ńbà kò nílò ògbufọ̀.

Ní ọdún 1977, Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè jáde. Ó ní kí a má fi ìdánwò kan ṣoṣo ní òpin díwọ̀n ọmọ mọ́, kí a máa wo bó ṣe ń ṣe láti ìgbà dé ìgbà. Ibẹ̀ ni ohun tí àwọn tíṣà ń pè ní C.A. ti wá, ìyẹn máàkì iṣẹ́ kíláàsì, iṣẹ́ àṣetiléwá àti àwọn ìdánwò kéékèèké. Láti ìgbà náà, olùkọ́ ní ohun tó lè sọ nípa ọmọ kí sáà tó parí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ pé àwọn lè béèrè rẹ̀.

Èdè tí ìròyìn náà ń bá wá tún ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọn kò tilẹ̀ rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó bá kọ́ sáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá lè ròyìn ẹ̀kọ́ ọ̀hún fún ìyá àgbà rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Níbi tí ẹ̀kọ́ bá ti jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé, olùkọ́ ló gbọ́dọ̀ fi èdè ilé sọ ìròyìn náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà.

Òfin náà ti òbí lẹ́yìn. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 ní òbí ló gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama, kó sì parí rẹ̀. Ẹni tí òfin di ẹrù báyìí lé lórí kò jẹ̀bi bó bá ní òun fẹ́ mọ bí ẹrù náà ṣe ń lọ.

Bí ìròyìn ṣe ń rìn láàárín sáà kan

Sáà mẹ́ta ló wà nínú ọdún ilé-ẹ̀kọ́ wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12. Ìròyìn kíláàsì tó bá létò máa ń tẹ̀lé ìṣísẹ̀ márùn-ún.

*Ìbẹ̀rẹ̀ sáà.* Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní tàbí èkejì, olùkọ́ á sọ ohun tí kíláàsì yóò kọ́ ní sáà náà, ọjọ́ ìdánwò àárín sáà, ọjọ́ ìsinmi, àti bí òbí ṣe lè rí òun. Ojú ìwé kan ti tó.

*Ojoojúmọ́.* Ońṣẹ́ ojoojúmọ́ ni ọmọ fúnra rẹ̀ àti ìwé tó wà nínú báàgì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bi ọmọ pé, "Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí?" á gbọ́ "Kò sí nǹkan." Ẹ ní kó fi hàn yín. "Ṣí ìwé ìṣirò rẹ, ṣàlàyé bí ẹ ṣe ṣe èyí fún mi." Ibi tí àlàyé bá ti já, ibẹ̀ ni òye ti já.

*Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.* Iṣẹ́ àṣetiléwá wà lára ìròyìn, àmọ́ ilé ló ń fi èyí ránṣẹ́ sí olùkọ́. Ó ń sọ ohun tí ọmọ lè dá ṣe nígbà tí olùkọ́ kò sí nítòsí. Nítorí náà, òbí tó bá ń bá ọmọ kọ ìdáhùn, kó lè gba gbogbo máàkì, ń fi ìròyìn èké ránṣẹ́. Olùkọ́ á rò pé ọmọ ti mọ̀ ọ́n, á sì tẹ̀ síwájú. Bí ọmọ kò bá lè ṣe é, ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé pé, "Èyí kò yé e." Gbólóhùn yẹn wúlò fún olùkọ́ ju ìdáhùn tí kò lábùkù lọ.

*Àárín sáà.* Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ìròyìn tó níye lórí jù lọ máa ń wáyé: máàkì ìdánwò àárín sáà àti ọ̀rọ̀ ẹnu olùkọ́. Aránṣọ tó mọṣẹ́ máa ń pe oníbàárà pé kó wá wọ aṣọ wò kí òun tó rán an parí. Bí èjìká bá fún un, ó ṣeé tú. Ìròyìn àárín sáà nìyẹn. Ìwé èsì òpin sáà ni aṣọ tó ti parí: a lè yìn ín, a lè bú u, ṣùgbọ́n òwò ti tán.

*Òpin sáà.* Ìwé èsì jáde. Fún ọ̀pọ̀ ilé, èyí nìkan ni ìròyìn tí wọ́n mọ̀.

Àwọn olùkọ́ á bi wá pé, "Ọmọ 50 ló wà ní kíláàsì mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ bá ilé 50 sọ̀rọ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Kò sẹ́ni tó lè ṣe é lọ́sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n bó bá mú ọmọ márùn-ún lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó kọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta sílé fún wọn, ọ̀sẹ̀ 10 ni yóò fi kárí gbogbo wọn, sáà kò sì ní tíì parí. Ó sì dára kí ìròyìn àkọ́kọ́ sí ilé kan jẹ́ ti ayọ̀, bó ti wù kó kéré: "Ṣadé ka ojú ìwé kan tán láìdúró lónìí." Òbí tó bá ti gba irú rẹ̀ rí kò ní gbọ̀n jìnnìjìnnì nígbà tí ìkésíni bá dé.

Bí a ṣe ń ka ìwé èsì

Ibí yìí ni àṣìyé pọ̀ sí jù. Ẹ jẹ́ ká mú un ní ìkọ̀ọ̀kan.

*Iye ìgbà tí ọmọ wá.* Ọ̀pọ̀ ìwé èsì ní àyè tí wọ́n ń kọ iye ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí sí, àti iye ìgbà tí ọmọ wá. Òbí á rí 116, ẹnu á yà á. Kì í ṣe iye ọjọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni olùkọ́ ń sàmì sí rẹ́jísítà, lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án. Ọjọ́ 58 ni ìgbà 116. Bí wọ́n bá wá kọ ọ́ pé ọmọ wá nígbà 96, ìgbà 20 ló pàdánù, ìyẹn ọjọ́ 10, odindi ọ̀sẹ̀ méjì ilé-ẹ̀kọ́. Kí a tó bínú sí máàkì, ibí ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

*C.A. àti ìdánwò.* Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, C.A. ní máàkì 40, ìdánwò òpin sáà ní 60. Àwọn mìíràn ń pín in ní 30 àti 70. Òbí a máa wo àpapọ̀ nìkan. Ẹ wo ọmọ méjì tí àwọn méjèèjì gba 62. Ọ̀kan gba 34 nínú 40, ó sì gba 28 nínú 60. Èkejì gba 14 nínú 40, ó sì gba 48 nínú 60. Àpapọ̀ kan náà ni, ọ̀rọ̀ wọn kò jọra. Ó ṣeé ṣe kí ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ọmọ tí ẹ̀rù ìdánwò ń bà, tàbí tí kì í yára kọ̀wé, tàbí tí ẹlòmíràn ń bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kejì mọ̀wé dáadáa, kó máa pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ tàbí kó má máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún olùkọ́. Ìrànlọ́wọ́ tí ọ̀kan nílò kò ní ṣe èkejì láǹfààní.

*Ipò.* Ipò ń sọ iye ọmọ tó ṣíwájú ọmọ ẹni, kò sọ ohun tí ọmọ ẹni mọ̀. Ọmọ tí ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 71 lè mú ipò kẹjọ ní sáà kan, kó sì mú ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ní sáà kejì pẹ̀lú 71 kan náà, torí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gòkè sí i. Kò gbàgbé ohunkóhun, kò sì ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ lè mú ipò kìn-ín-ní pẹ̀lú 52 nínú kíláàsì tí nǹkan kò ti lọ déédéé, kí ilé máa jó. Ìwé èsì sáà tó kọjá ló yẹ ká gbé tira pẹ̀lú tuntun, ká fi ọmọ wé ara rẹ̀.

*Ìwà àti iṣẹ́ ọwọ́.* Ní ìsàlẹ̀ tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ìwé èsì ni wọ́n máa ń to ìmọ́tótó, ìwà òótọ́, àtètèdé, ìfọwọ́sowọ́pọ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé àti eré ìdárayá sí, pẹ̀lú nọ́ńbà láti 1 dé 5. Ẹ ka àlàyé tó wà níbẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ bóyá 5 ló ga jù. Ìwọ̀nba ìròyìn ìgbé ayé ọmọ láàárín ẹgbẹ́ tó máa ń wọ inú ìwé èsì nìyí.

*Ọ̀rọ̀ olùkọ́.* "Ó lè ṣe jù báyìí lọ" kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ bi olùkọ́ pé: nínú ẹ̀kọ́ wo? Ibo gan-an? Olùkọ́ tó bá mọ ọmọ yóò dáhùn kíákíá.

Ìpàdé wo ló wà fún kí ni?

Ọ̀rọ̀ gbogbo òbí ni ìpàdé P.T.A., ìyẹn ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, wà fún: àga, ilé ìyàgbẹ́, ààbò, owó tí a fẹ́ dá jọ. Ẹni tó bá dìde níbẹ̀ láti béèrè ìdí tí ọmọ tirẹ̀ fi fìdí rẹmi nínú ìṣirò ń dójú ti ọmọ náà, kò sì ní rí ìdáhùn tó dára gbà. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí kíláàsì sílẹ̀ fún òbí ni ti ọmọ ẹni. Ọjọ́ náà ni òbí ń jókòó sí iwájú olùkọ́, tó ń ṣí ìwé ọmọ rẹ̀ wò ní ojú ewé-ojú ewé. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ìwé èsì kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìgbìmọ̀ alábòójútó tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ń ní, èyí tí òbí, olùkọ́ àti àwọn àgbà àdúgbò jọ ń jókòó sí. Òun ń wo bí ilé-ẹ̀kọ́ lódindi ṣe ń lọ.

Ẹgbẹ́ WhatsApp kíláàsì

WhatsApp ti yanjú ohun tí kò ṣeé yanjú láyé ìwé pélébé. Olùkọ́ lè fi ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ lédè Yorùbá fún ìṣẹ́jú kan, kí ìyá tí kò kàwé gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù, kí bàbá tó wà lókè òkun gbọ́ ọ lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Àdúrà òwúrọ̀, ìpolówó ọjà àti àwàdà á bo ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ mọ́lẹ̀, òbí á sì pa ìró rẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n gbé máàkì gbogbo kíláàsì síbẹ̀, tàbí orúkọ ẹni tí kò tíì san owó, tàbí kí wọ́n ní ọmọ kan tọ̀ sára. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Ìlànà tó dára kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀rọ̀ gbogbo kíláàsì lọ sí ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ ọmọ kan lọ sọ́dọ̀ òbí rẹ̀ nìkan.

Bákan náà ni fọ́tò. Orílẹ̀-èdè wa ti ní Òfin Ààbò Dátà láti ọdún 2023. Níbi tí ìyọ̀ǹda bá ti jẹ́ dandan, òbí tàbí alágbàtọ́ ni òfin náà ní kó fún un nítorí ọmọdé. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó gbé fọ́tò ọmọ síta, ó yẹ kó béèrè. Òbí tó bá sì kọ̀ kò ṣàfojúdi.

Òbí tí kò kàwé ńkọ́?

Àwọn kan rò pé ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè tọpa ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Irọ́ ni. Ìwé ọmọ ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá ṣí i. Ṣé ojú ewé tuntun wà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Ṣé pẹ́ẹ̀nì pupa olùkọ́ kan ibẹ̀? Àmì tó tọ̀nà ló pọ̀ jù ni, àbí àmì X? Ṣé ọmọ ṣe àtúnṣe lábẹ́ èyí tó kùnà? Ẹni tó bá ń wo mẹ́rin yìí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ mọ nǹkan ju ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì tí kì í ṣí báàgì ọmọ rẹ̀ lọ. Bó bá sì dé iwájú olùkọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n bá a sọ èdè tó gbọ́.

Ohun tí ilé náà gbọ́dọ̀ sọ

Ìròyìn kì í rin ọ̀nà kan. Olùkọ́ kò lè mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá àgbà ọmọ, pé ìyá rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, pé wọ́n ti kó lọ sí àdúgbò tó jìn, tí ọmọ fi ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Bí kò bá gbọ́, á ka oorun ọmọ sí ọ̀lẹ, á ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ sí agídí. Àwọn ohun kan sì wà tí ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní: bí ọmọ bá ní ikọ́ fée, bó bá jẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ SS, bí oúnjẹ kan bá wà tí ara rẹ̀ kò gbà, àti orúkọ ẹni tó lè wá mú un lọ sílé. Kò pọn dandan kí òbí tú àṣírí ilé síta. "Nǹkan kò rọgbọ nílé lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bá wa mójú tó o" ti tó fún olùkọ́ tó lọ́gbọ́n.

Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá tíì ní ètò, òbí lè bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kó má dúró de ìkésíni. Kó lọ kí olùkọ́ ní àkókò tí kíláàsì kò sí lẹ́nu iṣẹ́, kó kí i kú iṣẹ́ ọmọ, kó sì béèrè ohun mẹ́ta: Kí ni ọmọ mi ti mọ̀ báyìí tí kò mọ̀ nígbà tí sáà bẹ̀rẹ̀? Ibo ló ti ń ṣòro fún un? Kí ni ẹ fẹ́ ká ṣe nílé? Ẹni tó bá gba ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ṣì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́wọ́ láti fi ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá dúró de ìwé èsì kò ní ju ìbínú tàbí ìdùnnú lọ.